Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ nínú igbó tí odò yí ká: òjò, ooru, ẹyẹ. Níbo la ti ń ṣì í?

Ọmọ Obòkun (Iléṣà)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Igbó kékeré kan wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn tó ni ín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko tàbí dọdẹ nínú rẹ̀. Odò yí i po lápá mẹ́ta. Tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, omi á bo apá kẹrin náà, igbó á di erékùṣù. Àwa mẹ́ta là ń gbà á fún ara wa, a ń kọ òjò, ooru, afẹ́fẹ́, ẹyẹ àti ẹran sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tó ń dà wá láàmú rèé. Òṣùwọ̀n òjò méjì la ní, ọ̀kan lẹ́bàá ògiri ahéré, ọ̀kan láàárín igi. Òjò kan náà, ọ̀kan pè é ní 31 mm, èkejì ní 19. Tẹmómítà tó wà lára ògiri yẹn ń ka 41 lọ́sàn-án. Ẹnì kan lọ, ó ka ẹyẹ 12. Ẹlòmíràn lọ lọ́jọ́ kejì, ó ka 40. Òjò tó rọ̀ mọ́jú Àbámẹ́ta ńkọ́, ṣé ti Ẹtì ni àbí ti Àbámẹ́ta? Èyí tó kẹ́yìn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: bàbá tó ń ṣọ́ igbó náà ní ká máa kọ ìgbà tí elúlùú bá ké, pé òun ló ń pe òjò. Ṣé ká kọ ọ́?

Ará Moore (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n mú ti òjò, torí òun ni gbogbo ènìyàn rò pé ó rọrùn.

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ti ẹ̀bá ògiri ń gba omi tó ń ta láti orí páànù mọ́ tirẹ̀. Ti inú igbó, ewé ló ń gba òjò lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan omi náà á sì gbẹ lórí ewé láì kan ilẹ̀ rárá; lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ka kan á máa sun omi sẹ́nu rẹ̀, á tún wá pọ̀ jù. Igi tó bá ga ní mítà 15, ẹ fi mítà 30 jìnnà sí i, ìyẹn ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ kò lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀ láàárín igbó. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sí pápá òdìkejì odò, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín pé ibẹ̀ ló wà. Ẹnu rẹ̀ kí ó ga ní 30 cm sí ilẹ̀, lórí koríko kúkúrú, kì í ṣe lórí kọnkéré. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, omi tó ń ta láti ilẹ̀ á wọ̀ ọ́; tó bá ga jù, afẹ́fẹ́ á gbé òjò kọjá lórí rẹ̀. Ẹ fi léfẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ tẹ́jú.

Tí owó èyí tí wọ́n ń tà kò bá sí, àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo àti kẹ́ẹ̀gì lítà 2 ti tó. Ẹ wọn ẹnu àrọ náà láti etí inú dé etí inú. Ká ní ó jẹ́ 12 cm: ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6, 6 lọ́nà 6 lọ́nà 3.14 jẹ́ 113. Ìyẹn ni pé omi 11.3 ml nínú kẹ́ẹ̀gì dúró fún òjò 1 mm. Kẹ́ẹ̀gì yẹn lè gba bí 177 mm kó tó kún. Ẹ ra síríńjì 20 ml ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, kí ẹ máa fi fa omi náà. Síríńjì kíkún 13 àti 11 ml jẹ́ 271 ml; ẹ fi 11.3 pín in, ó di 24.0 mm. Kí ẹ wá da omi náà nù! Ẹni tó bá gbàgbé láti dà á nù ti fi òjò àná kún ti òní. Ẹ ri kẹ́ẹ̀gì náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu àrọ á fi ga ní 30 cm sí ilẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ àrọ máa ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́, òjò líle á máa ta jáde níbẹ̀. Ẹ gé òrùka páìpù ike kan, gíga 5 cm, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀. Látìgbà náà, ẹnu òrùka ni kí ẹ máa fi ṣírò.

Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an tí ẹ wá bá 2 mm, ẹ wo ọ̀fun àrọ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ewé kan ṣoṣo tàbí ilé agbọ́n lè dí i. Tí omi bá dúró sínú àrọ tí kò tíì ṣàn jáde, ẹ yọ ewé náà, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ kà á. Tó bá ti ṣàn jáde, ẹ kọ "ó kún jáde", ẹ má kọ iye kankan.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù rèé. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ kọ 0.0. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lọ, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan sọ pé òjò kò sí, èkejì sọ pé kò sẹ́ni tó wò ó. Tí ẹ bá pa ọjọ́ méjì jẹ, tí ẹ wá bá 36 mm lọ́jọ́ kẹta, ẹ kọ ọ́ pé ti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ má pín in sí 12, 12, 12; òjò kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta: ẹ mú aago kan láàárọ̀, kí ẹ máa kà á ní aago yẹn nìkan. Èyí tí ẹ bá kà láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ẹtì ló ni ín, torí púpọ̀ nínú wákàtí 24 náà bọ́ sí Ẹtì.

Olójú Ọjọ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n Ará Moore, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, àfi ti ìkẹyìn yẹn. Ènìyàn mẹ́ta ló ń kọ ìwé yìí. Ọ̀kan á rántí láti dá a padà sí àná, ọ̀kan á gbàgbé, òjò á wá máa fò síwá sẹ́yìn nínú ìwé láì sẹ́ni tó mọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n kà á, pẹ̀lú "láti 7:00 àná dé 7:00 òní" lórí ìlà náà. Tí wọ́n bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ṣoṣo ni kó sún gbogbo rẹ̀ padà ní ọjọ́ kan, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kan ooru. 41 yẹn, ooru ògiri lẹ ń wọ̀n. Ògiri ń mu oòrùn, ó ń tú u sí tẹmómítà lára. Ooru afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji gidi kì í sábà kọjá 36 lágbègbè wa, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí kan fún yín, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bíi gíláàsì lúfà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí oòrùn má lè rí inú rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ kí ó jẹ́ pákó ìpele méjì, kí àyè wà láàárín wọn. Ọ̀dà funfun tó ń dán ni kí ẹ kùn ún, ní tinú-tòde, kí ẹ tún un kùn tí ọyẹ́ bá ti fi eruku sọ ọ́ di pupa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó gbé tẹmómítà dúró láàárín mítà 1.25 sí 2, lórí koríko, jìnnà sí ògiri.

Ẹ ó rí i kà níbi púpọ̀ pé kí ilẹ̀kùn àpótí kọjú sí àríwá. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Yúróòpù nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà. Tí ẹ bá ṣí i lọ́sàn-án nígbà náà, oòrùn á wọlé tààrà. Àwọn kan máa ń ṣe ilẹ̀kùn méjì, àríwá àti gúúsù, wọ́n á sì máa lo èyí tí oòrùn kò sí. Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan lẹ ń kà á, ọ̀kan náà tó.

Tẹmómítà tó rí bíi lẹ́tà U ló ń pa ooru tó ga jù àti èyí tó kéré jù mọ́. Ìsàlẹ̀ irin kékeré inú rẹ̀ ni kí ẹ kà, kì í ṣe orí rẹ̀. Ojú yín kí ó bá irin náà dọ́gba. Ẹ tètè kà á, torí èémí àti ara ènìyàn ń gbé e sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì fa irin méjèèjì padà sórí mẹ́kúrì. Nígbà yẹn, apá méjèèjì gbọ́dọ̀ ka iye kan náà. Tí wọn kò bá bá ara wọn mu, mẹ́kúrì ti já láàárín, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dá tẹmómítà dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kí ẹ tó gbé tẹmómítà onígíláàsì lásán tàbí ti bátìrì kọ́, ẹ fọ́ yìnyín sínú kọ́ọ̀pù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó yẹ kó ka 0. Tó bá ka 1, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa yọ 1 kúrò.

Afẹ́fẹ́ kò nílò irinṣẹ́. Ẹ lo òṣùwọ̀n Beaufort, tí wọ́n fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́ nípa ohun tí ojú rí, láti 0 dé 12. Èéfín gòkè ṣánṣán, 0. Ewé ń mì, atẹ́gùn sì ń kàn yín lójú, 2. Ewé àti ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kò sinmi, 3. Eruku àti bébà gbéra nílẹ̀, 4. Ibi tó ti ń bọ̀ lẹ máa kọ, kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Àparò-Kò-Ga-Jùkan (Iléṣà)

Ẹyẹ 12 àti 40: mo lè fi owó lé e pé ẹni tó rí 12 dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó rí 40 rìn káàkiri títí. Kò sí ohun tí ẹ lè fi nọ́ńbà méjèèjì ṣe. Ẹ yan ojúkò mẹ́ta nínú igbó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ara wọn ní mítà 200, ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi ibẹ̀. Kí ẹ wà níbẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 kí ẹyẹ gbàgbé yín, kí ẹ wá kà fún ìṣẹ́jú 10, láàárín mítà 50 sí yín. R fún èyí tí ẹ rí, G fún èyí tí ẹ gbọ́, F fún èyí tó kàn ń fò kọjá lókè. F kò sí lára ẹyẹ igbó. Tí òjò bá ń rọ̀ tàbí afẹ́fẹ́ bá ju 4 lọ, ẹ má kà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sójú kan, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ láì sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi wé ara wọn. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Orúkọ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀gà kì í ṣe irú ẹyẹ kan ṣoṣo, àṣá kì í ṣe irú ẹyẹ kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ Yorùbá tí gbogbo yín gbà, kí orúkọ sáyẹ́ǹsì tẹ̀ lé e: ẹ̀gà, *Ploceus cucullatus*. Ẹ tẹ gbogbo orúkọ sórí ìwé kan, kí 0 wọ iwájú èyí tí ẹ kò rí. Skokholm, erékùṣù kékeré kan létí òkun Wales, ni Ronald Lockley, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ti dá ibùdó àkíyèsí ẹyẹ sílẹ̀ ní 1933. Nírú ibùdó bẹ́ẹ̀, alẹ́ ni wọ́n máa ń jókòó, tí wọ́n á máa pe orúkọ ẹyẹ látòkè délẹ̀, tí olúkúlùkù á dáhùn iye tó rí. 0 ti lékeléke lóṣù Keje wúlò bíi 60 rẹ̀ lóṣù Kìíní, torí ó máa ń ṣí lọ sí òkè ọya nígbà òjò. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, *Hirundo rustica*, kì í mọ ilé níbí. Àlejò ẹ̀ẹ̀rùn ni. Èyí tó bá ń mọ ilé sábẹ́ òrùlé yín, òmíràn ni.

Ẹran kì í dúró kí wọ́n kà á. Ẹ gbọn iyanrìn kíkúnná sójú ọ̀nà wọn, mítà 1 sí mítà 1, ẹ fi ọwọ̀ gbá a kó tẹ́jú lálẹ́, kí ẹ ka ẹsẹ̀ ọ̀yà àti ẹtu láàárọ̀. Tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ kọ "òjò pa á rẹ́". Ẹ ò gbọdọ̀ kọ 0. Tí odídẹrẹ́ bá sùn níbẹ̀, ẹ má gbé ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti fi òfin de òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó láàárín orílẹ̀-èdè láti 2017, àwọn tó ń kó o kò sì tíì jáwọ́.

Elúlùú: ẹ kọ ọ́, bàbá yẹn kò ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé. Ojú mẹ́rin ni ìwé náà gbọ́dọ̀ ní: ó ké, òjò rọ̀ láàárín wákàtí 24; ó ké, òjò kò rọ̀; kò ké, òjò rọ̀; kò ké, òjò kò rọ̀. Méjì àárín wọ̀nyẹn ni ènìyàn máa ń gbàgbé, torí kò sẹ́ni tí í sọ ìtàn ọjọ́ tí elúlùú àti òjò kò bá ara wọn mu. Tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ lóṣù Kẹfà, gbogbo ẹyẹ ló ń pe òjò nìyẹn. Oṣù Kejì àti Kẹta ni ẹ ó ti mọ̀.

Ọmọ Obòkun (Iléṣà)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ní rí ìjà odò. Ọ̀rọ̀ odò náà ńkọ́? Ṣé ká máa wọ̀n ọ́n?

Ará Moore (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ri ọ̀pá irin kan mọ́ ìsàlẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i ní 10 cm, 10 cm. Ẹ fi àmì kan náà sára òkúta tó dúró gbọn-in létí odò, kí ẹ lè mọ̀ tí àgbàrá bá tẹ ọ̀pá náà. Etí odò ni kí ẹ ti kà á. Ọjọ́ tí omi bá ti bo ojú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sọdá; ẹ kọ "omi kò jẹ́ ká dé ibẹ̀". Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ, bírò máa ń ṣàn. Kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà lójoojúmọ́.

Ọmọ Obòkun (Iléṣà)

A ti bẹ̀rẹ̀. Ti àárọ̀ òní rèé: "7:00. Òjò 0.0 (7:00 àná dé 7:00 òní). Ooru 21.5 / 30.0, a ti dá irin padà. Afẹ́fẹ́ 2. Odò 40 cm. Ojúkò B, 7:25 dé 7:35: ẹ̀gà 6 R, àdàbà 2 G, lékeléke 0, àwòdì 1 F. Iyanrìn: ọ̀yà 1. Elúlùú ké ní 6:50."

Olójú Ọjọ́ (Ilé-Ifẹ̀)

Ó dára gan-an. Afẹ́fẹ́ 2 láti ibo?