Ṣé gbèdéke ni ọjọ́ tí mo dá fún ara mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹni tó bi wá ní ìbéèrè lánàá ń tú áàpù kan tí a fi ń to iṣẹ́ sí èdè wa. Àyè méjì ló wà fún ọjọ́ lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀: ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ ṣe é, àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ “gbèdéke” sí méjèèjì, kí òun sì fi “kìn-ín-ní” àti “kejì” yà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró.

Ẹni méjì ló máa ń wà nídìí gbèdéke. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá wọn ní gbèdéke ọjọ́ 14. Tó bá pé tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Gbèdéke ọjọ́ orí náà ń bẹ, bí o bá ti fi ọdún kan lé e, o ti lé nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Wàyí o, bí mo bá kọjá ọjọ́ tí mo dá fún ara mi, ta ni yóò daṣẹ́ sílẹ̀ fún mi? Èmi náà ni ọ̀gá, èmi náà ni òṣìṣẹ́, àwa méjèèjì sì mọ bí a ṣe ń darí ji ara wa.

Kì í ṣe àríyànjiyàn ẹnu lásán. Ní oṣù tó kọjá, mo kọ ọjọ́ sí gbogbo iṣẹ́ 19 tó wà nínú àkọsílẹ̀ mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, 11 ti di pupa, ìyẹn ni pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Nínú 11 yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní ẹni tó ń retí rẹ̀: fọ́ọ̀mù kan tí wọn ò ní gbà mọ́ tó bá ti kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Pupa tiẹ̀ kò yàtọ̀ sí pupa “to àwọn fáìlì àtijọ́ jọ”. Ojú mi ti mọ́ pupa lára. Mo rántí fọ́ọ̀mù náà ní aago márùn-ún kọjá.

Àwọn tó ṣe Org-mode, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a fi ń to iṣẹ́, tí Carsten Dominik bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ti rí èyí tipẹ́. SCHEDULED ni tiwọn fún ọjọ́ tí o fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́, DEADLINE fún ọjọ́ tó yẹ kó parí. Èyí kejì ló ń kìlọ̀ ṣáájú, láti ọjọ́ 14 sí i, bí o kò bá yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n kan ní kí a kúkú pe èyí kejì ní “ìlà ikú”, pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìlà gidi ni ìlà yẹn nígbà kan: ní 1864, ní ọgbà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Andersonville, Georgia, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi igi pààlà sí inú ọgbà, ẹlẹ́wọ̀n tó bá kọjá rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yìnbọn fún un. Wọ́n yẹgi fún Henry Wirz, olórí ọgbà náà, ní oṣù kọkànlá 1865. Gẹ̀ẹ́sì ti gbàgbé ikú inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tiwa ṣì máa dún ketekete, lójoojúmọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ “fèsì lẹ́tà”. Kí ni a fẹ́ fi ẹnu ara wa pè é wá ṣe?

“Gbèdéke àfọwọ́fà” tí ẹlòmíràn mú wá fún ọjọ́ tí a dá fún ara wa pa mí lẹ́rìn-ín, kò sì jìnnà sí òótọ́. Àmọ́ wàhálà ni a máa ń fọwọ́ ara ẹni fà, a kì í fọwọ́ fa ètò. “Ìdájọ́” ńkọ́? Lóòótọ́, a máa ń dájọ́ ìpàdé, ìyẹn ni pé a dá ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ kí ẹ wò ó: ilé ẹjọ́ ni, tàbí ọ̀run. Èmi pàápàá gbìyànjú “àdáfúnra”, ó dún bí orúkọ oògùn.

Ohun tí mo rí ni pé a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ẹni tó ń tú áàpù náà kọ “Gbèdéke” síbi tó yẹ, kí ó sì kọ “Ọjọ́ tí mo dá” sí èkejì. Lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ni. Ẹni tó dá ọjọ́ ń hàn nínú rẹ̀, ẹni náà ló sì lè tún un dá. Yóò sì tún un dá dandan. Nínú ìwádìí tí Buehler, Griffin àti Ross, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní 1994, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá fojú bù ú pé àwọn yóò lo bí ọjọ́ 34. Àwọn olùwádìí ní kí wọ́n rò ó bí ẹni pé gbogbo nǹkan dojú rú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ọjọ́ 49. Wọ́n lo ọjọ́ 55 ó lé.

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn náà yàtọ̀. Gbèdéke a máa pé. Ọjọ́ tí mo dá a máa yẹ̀. “O ti pẹ́” tí áàpù ń kọ fún méjèèjì, ẹ̀sùn ni. “Ọjọ́ yẹ̀, dá òmíràn” ti tó, kí wọ́n sì bá wa pa pupa rẹ́ níbẹ̀.

Ẹyọ kan ló kù. Mo rí i pé ẹni tó ń tú áàpù náà tú ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì ibẹ̀ sí “òní ọjọ́ mẹ́jọ”. Lẹ́nu àwọn àgbà, a máa ń ka òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka òní àti àná kí a tó kan ìjẹta. Bí òní bá jẹ́ Ajé, òní ọjọ́ mẹ́jọ bọ́ sí Ajé mìíràn. Kọ̀ǹpútà á ro 8 mọ́ ọn, á gbé e fún Ìṣẹ́gun. Kí ó kúkú kọ “Ajé tó ń bọ̀”.