Ta ló ń fowó lé ọjà yìí gan-an? Ìrírí wa níbi gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì

Akósítáǹbù
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Sítáǹbù àtijọ́ ni mò ń kó jọ. Níbi tí mo ti ń rà á, èèyàn á kọ iye tó ga jù tó lè san sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ̀rọ á sì máa bá a fowó lé ọjà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ iye yẹn.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fowó lé sítáǹbù tí mo ń wá, díẹ̀ lórí díẹ̀, títí ó fi kọjá tèmi. Bó ṣe kọjá báyìí, tó ti rí ibi tí owó mi mọ, ó ní òun ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni, ó fa owó rẹ̀ yọ. Kò pẹ́ ló tún padà dé, ó wá dúró sí ibi tó ku ṣín-ín kó kan iye tí mo kọ pamọ́. Mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó fowó lé e. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi bo orúkọ rẹ̀, àmọ́ ó hàn níbẹ̀ pé ọjà òǹtajà kan ṣoṣo yìí ló ń fowó lé ṣáá. Ó jọ pé òǹtajà ló rán an wá gbówó sókè. Inú bí mi gan-an. Mo ya àwòrán ojú-ewé náà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ìkànnì, mo sì ní kí wọ́n yọ owó mi kúrò.

Oníkáàdì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Káàdì tó ní àwòrán eléré ìdárayá ni èmi ń kó jọ. Níbi gbàǹjo kan, ẹlòmíràn ti borí mi tán kí òǹtajà tó kọ̀wé pé ẹni náà kò sanwó, pé kí n wá san iye tó ga jù tí mo fi lé káàdì náà. Mo ní ó dáa, àmọ́ kó kọ́kọ́ yọ gbogbo owó ẹni yẹn kúrò, ká wo ibi tí ọjà ìbá dúró sí láàárín àwa yòókù. Kò fèsì mọ́.

Kì í sì í ṣe òǹtajà kéékèèké nìkan. Bill Mastro, ọ̀gá ilé gbàǹjo ńlá kan ní Amẹ́ríkà, jẹ́bi ní kóòtù ní 2013 nítorí irú owó ayédèrú báyìí. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun gé etí káàdì Honus Wagner (eléré beísíbọ́ọ̀lù àtijọ́ ní Amẹ́ríkà) tó lókìkí jù lọ, òun ò sì sọ fún ẹni tó rà á. Ní 2015 ni wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 20. Orúkọ ńlá yẹn ni àwọn òǹrajà gbára lé!

Owó-ẹyọ
Àwọn kan máa ń bínú sí ẹni tó bá dúró di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn kó tó fowó lé ọjà. Èmi ò kà á sí ìrẹ́jẹ rárá. Ẹni tí wọ́n rán wá gbówó sókè kò ní ráyè wádìí iye tí mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ilé gbàǹjo tó ń sún aago síwájú bí owó tuntun bá wọlé, ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nírú ibẹ̀, òfin wọn ni mo kọ́kọ́ ń kà: ṣé òṣìṣẹ́ wọn tàbí ẹni tó ni ọjà lè fowó lé e? Bí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, mo máa ń bi wọ́n, ìdáhùn tó bá sì ń lọ́ bìrìbìrì ti tó fún mi láti bá tèmi lọ.

Akósítáǹbù, kí ni wọ́n wá sọ nípa àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́?

Akósítáǹbù
Wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òǹtajà náà ṣì ń tajà.