Páànù tòkúnbọ̀ ti ń bó sínú ata mi, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Leeds: Ẹ̀yin ará mi, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹnì kan tó ń kó kúrò ládùúgbò wa gbé ìkòkò síta, ó kọ ọ́ sára páálí pé ọ̀fẹ́ ni, mo bá kó wọn wọlé. Páànù nọ́nstíìkì kan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ìkòkò irin kan tó wúwo bí ọlọ, àti ìkòkò préṣọ̀ tí wọ́n ń dé pa kí oúnjẹ tètè jinná. Mo fi páànù yẹn dín ata lánàá, àfi bí mo ṣe rí nǹkan dúdú wínníwínní tó léfòó sórí òróró, ọmọ mi ọdún 4 sì ti jẹ tiẹ̀ tán. Ṣé kí n gbé e lọ ọsibítù ni? Ṣé mo lè lo àwọn tó kù?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham: Fara balẹ̀, àbúrò mi. Èérún yẹn kì í dà nínú ikùn, bó ṣe wọlé náà ló máa bá ìgbẹ́ jáde. Tí ara ẹ̀ bá yí padà, pe 111, nọ́ńbà ìlera tá a ń pè níbí. Páànù yẹn, jù ú nù lónìí, má fún ẹlòmíì.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Iná ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ nọ́nstíìkì. Lọ́dún tí mo dé, ilé ìyá òyìnbó kan tó ní odídẹrẹ́ ni mo háyà yàrá sí. Mo gbé páànù òfìfo kaná, àbúrò mi pè láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wọ̀ wá lára. Tí ooru páànù bá ti kọjá 260 dígírì Celsius, nǹkan ara ẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í di èéfín, èèyàn lè ṣe bí ẹni tó ní ibà, ẹyẹ kì í sábà yè é. Kí n tó padà sí kíṣìnì, odídẹrẹ́ ti ṣubú sílẹ̀ nínú àgò, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Mo san owó ẹyẹ, mo tún kó jáde. Láràárọ̀ ni mo sì ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí lo fi fọ páànù yẹn?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Leeds: Kànìnkànìn irin àti bílíìṣì. Mi ò mọ ẹni tó lò ó, mo gbo ó dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Ìwọ lo bà á jẹ́ nìyẹn!

Bọ̀dá Gáàsì, Houston: Rárá o, ó ti ń bó kó tó dé ọwọ́ ẹ̀ ni. Ta ló ń gbé páànù tó dáa síta?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Bọ̀dá mi, tòkúnbọ̀ ni gbogbo ìkòkò ilé mi, ọdún 6 rèé. Kànìnkànìn irin kì í kan nọ́nstíìkì, tuntun ni o, àlòkù ni o.

Bọ̀dá Gáàsì, Houston: Ìkòkò irin yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn kan níbí máa ń fi irú ẹ̀ yọ́ òjé tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìwọ̀ ẹja. Mo ra ọ̀kan ní dọ́là 5, mo ti fi se ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹni tó tà á fún mi tó sọ ohun tí bàbá ẹ̀ fi ń ṣe. Èmi, ìyàwó, ọmọ, gbogbo wa la lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, owó gọbọi. Fífọ̀ ò lè mú òjé kúrò, má sì dán iná wò, èéfín ẹ̀ burú jù. Tó bá dá ẹ lójú pé oúnjẹ nìkan ni wọ́n fi ń sè, tó jẹ́ pé ó kàn dípẹtà ni, fi iyọ̀ gbo ó, fi òróró pa á, gbé e sínú ọ́fùnù fún wákàtí kan.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ìkòkò irin ló sì dùn ún ro àmàlà jù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Àmàlà wo ló wà ní Manchester mà? Ẹ wá sí Rye Lane kẹ́ ẹ wá ra èlùbọ́ gidi.

Bọ̀dá Gáàsì, Houston: Ẹ̀yin méjèèjì ẹ dákẹ́, ẹ̀yìnkùlé la ti ń rokà níbí, lórí gáàsì ńlá, oòrùn ń ta wá lẹ́yìn bíi ti ilé.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ mú mi rántí ìkòkò irin ìyá mi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Eérú la fi ń fọ inú ẹ̀, a kì í dá èédú ẹ̀yìn ẹ̀ láàmú. Tí mo bá gbọ́ bí ọmọrogùn ṣe ń kan etí ẹ̀, kò di ìgbà tí wọ́n pè mí kí n tó lọ fọwọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Leeds: Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ ti ń ṣeré, mo ti ju páànù nù. Préṣọ̀ ńkọ́? Rọ́bà etí ìdérí ẹ̀ ti le, ó ti là.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ṣé igi ni màmá yín ṣì fi ń dáná ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Leeds: Igi ni mà. A ra gáàsì fún wọn, wọ́n gbé e sí yàrá.