Ìbọn .22 wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún rénjì? Maryland ni mo wà o

OmoIjesa_Laurel

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà mí lọ sí rénjì, ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí bébà, wọ́n gbé písítù 9mm lé mi lọ́wọ́, mo yìn ín títí, ká sòótọ́ mi ò gbádùn ẹ̀, ariwo ẹ̀ pọ̀, ó ń ta mí lọ́wọ́, gbogbo ọta tí mo yìn ló ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ apá òsì bébà. Ìgbà tó yá lọ̀kan nínú wọn yọ písítù .22 kan, èyí tí ọta ẹ̀ kéré, nínú báàgì ẹ̀ ló bá ní kí n dán an wò. Ah! Ẹ̀rín ni mo ń rín. Kò ta, kò pariwo bíi tàkọ́kọ́, ihò ọta wá ń sún mọ́ra wọn láàárín bébà.

Ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ báyìí, mo fẹ́ ra tèmi. Kì í ṣe torí olè o, mi ò sì ní máa gbé e kiri, bébà lásán ni mo fẹ́ máa yìn ní Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ jẹ́ $500, tó bá lé díẹ̀ mo ṣì lè wá a. Orúkọ tí mò ń rí ni Ruger Mark IV, Browning Buck Mark, Smith & Wesson Victory àti Taurus TX22. Ọwọ́ mi ò tóbi. Green card ni mo ní, mi ò tíì di sítísìn, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn máa dí mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi náà ń fajú ro torí àwọn ọmọ wà nílé, ọ̀kan ọdún mẹ́rin, ọ̀kan ọdún mẹ́sàn-án. Èwo ni kí n mú, báwo lẹ sì ṣe ń tọ́jú tiyín nílé?

BabaAlasoOke_HTX

Àbúrò, káàbọ̀. Ìsàlẹ̀ apá òsì tóo sọ yẹn, tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń yìn, ìbọn kọ́ ló ń ṣe é, ìbẹ̀rù ariwo ni, ọwọ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó tó dún. .22 ló máa wò ó sàn, torí náà ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ lo wà.

Èmi o, Ruger ni mò ń lò, mi ò ní fi bò. Písítù .22 ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ ọjà ní 1949, látìgbà náà wọn ò fi sílẹ̀, wọ́n kàn ń tún un ṣe ni. Mark III tó wà kí Mark IV tó dé, o lè tú u fọ̀ tán kóo wá máa wá ẹni tó máa bá ẹ tò ó padà, mo mọ àgbàlagbà tó kó tiẹ̀ sínú ọ̀rá gbé e lọ bá àwọn tó ń tún ìbọn ṣe. Ìgbà tí Mark IV jáde ní 2016 wọ́n fi bọ́tìnì kan sí ẹ̀yìn ẹ̀, o tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, bárẹ́ẹ̀lì jáde, ó parí. Má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn o, ọta .22 dọ̀tí gan-an, ìbọn tó bá sì ṣòro láti tú, ẹni tó ni ín ò ní máa fọ̀ ọ́, tí kò bá ti fọ̀ ọ́ ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í há, tó bá ń há tán á máa bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Oríṣi méjì ni Mark IV. Ọ̀kan wà tí ìdìmú ẹ̀ dagun gan-an, èkejì tí wọ́n ń pè ní 22/45, ìdìmú tiẹ̀ rí bíi ti písítù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911. Kò sí èyí tó dáa ju èkejì lọ, ọwọ́ ẹ ló máa sọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n ṣí i kóo rí i pé kò sọ́ta nínú ẹ̀, wá kọjú sí ara ògiri tí wọ́n bá nà sí ẹ, di ojú, gbé ìbọn sókè, la ojú. Tí sáìtì, irin tá a fi ń fojú sùn, bá ti tò lọ́nà tó yẹ láìjẹ́ pé o tún ọwọ́ ṣe, ó bá ẹ mu nìyẹn. Tó bá ń wo òkè tàbí ilẹ̀, gbé e sílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Tó bá jẹ́ àlòkù lo rí, bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní 2017 Ruger fúnra wọn kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní Mark IV tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù kẹfà ọdún yẹn dá a padà wá kí wọ́n bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, torí tí sééfútì ẹ̀, ìdè tí kì í jẹ́ kó yìn, bá wà láàárín méjì tóo sì fa tírígà, ó lè má dún nígbà yẹn kó wá dún nígbà tóo bá sún sééfútì. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe ò níṣòro.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé èyí tó fúyẹ́ ló dáa. Victory wúwo tó ounce 36, TX22 ò fi bẹ́ẹ̀ ju 17 lọ. Tó bá jẹ́ bébà lò ń yìn, ìwúwo yẹn gan-an ló ń jẹ́ kọ́wọ́ dúró.

IyaIbeji_Bowie

Ẹ̀gbọ́n Houston ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n Texas lẹ wà, ẹ̀yin lè wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kẹ́ẹ ti gbé ìbọn délé kí ọbẹ̀ ọ̀sán tó jiná. Tiwa níbí ò rí bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Laurel ẹ gbọ́. Kẹ́ẹ tó ra písítù kankan ní Maryland ẹ máa gba ìwé àṣẹ láti ra písítù tí wọ́n ń pè ní HQL lọ́dọ̀ Maryland State Police. Ẹ máa tẹ̀ka, ẹ máa lọ sí kíláàsì wákàtí mẹ́rin, wọ́n á jẹ́ kẹ́ẹ yìnbọn níbẹ̀ kí wọ́n rí i pé ẹ mọ nǹkan tẹ́ẹ ń ṣe. Tí HQL bá dé tẹ́ẹ wá yan ìbọn, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa dúró ọjọ́ méje kẹ́ẹ tó gbé e lọ. Kì í ṣe gbogbo ìbọn náà ni wọ́n lè tà fún wa, ó gbọ́dọ̀ wà nínú Handgun Roster, ìwé orúkọ àwọn písítù tí state fọwọ́ sí, ẹ lọ wo gan-an irú èyí tẹ́ẹ fẹ́ kẹ́ẹ tó sanwó torí oríṣi kan lè wà níbẹ̀ kí ìkejì ẹ̀ má sí. Mágásíìnì tó ń gbà ju ọta mẹ́wàá lọ, wọn ò lè tà á níbí, torí náà TX22 tẹ́ẹ ń rí lórí YouTube tó ń gba 16, olọ́ta mẹ́wàá ni tiwa. Ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ sáré lọ Virginia, òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé písítù tẹ́ẹ bá rà ní state míì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ díílà tó wà ní state tiyín.

Green card ò dí yín lọ́wọ́. Ẹ máa kọ nọ́ńbà A tó wà lára green card yín sórí fọ́ọ̀mù 4473, fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń ra ìbọn ń kọ, ẹ mú ìwé yín dání. Àwọn tó wà lórí físà ilé ìwé tàbí físà iṣẹ́ ni wàhálà wà fún, àyàfi tí wọ́n bá bọ́ sínú ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn náà ló máa bi yín bóyá ẹ ń mugbó, ẹ má torí pé Maryland ti fàyè gbà á láti 2023 kẹ́ẹ wá máa fi ṣeré lórí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá purọ́ lórí ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Ó kan ti ìbọn fúnra ẹ̀. Ọwọ́ tèmi kéré, Buck Mark ni mò ń lò. Ó ti wà láti 1985, tírígà ẹ̀ mọ́ bó ṣe rí nínú páálí, ẹ ò ní ra nǹkan kan kún un. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ nípa títú yẹn, òótọ́ ni, ti Buck Mark ẹ máa tú ìdè tó wà lókè, síkúrúù kékeré ni, tó bá bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì ẹ máa wá a títí alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò nílò kẹ́ẹ máa tú u lójoojúmọ́, bọ́rọ́ọ̀ṣì àti òróró díẹ̀ ti tó ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ìyàwó yín lóòótọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ ra séèfù irin kẹ́ẹ tó ra ìbọn, kí owó ẹ̀ wà nínú $500 yẹn, ẹ dè é mọ́lẹ̀, kí ọta wà níbòmíì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Ní Maryland tẹ́ẹ bá fi ìbọn síbi tí ọmọ tí ò tíì pé 18 ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láìsí àgbàlagbà, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Òjé náà ńkọ́. Ọta .22 tó wọ́pọ̀, òjé lásán ni ojú ẹ̀, èéfín inú rénjì abẹ́lé ń gbé e lẹ mọ́ aṣọ. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú kẹ́ẹ tó jẹun, ẹ pààrọ̀ aṣọ kẹ́ẹ tó gbé ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn. Mi ò kì í wọ bàtà rénjì wọ pálọ̀.

Peckham_Boy

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ẹ ń gbádùn o lol. Níbí ní Britain, lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo písítù lọ, .22 náà kò yè é, ìgbà tí Olympics wá sí London ní 2012 àṣẹ pàtàkì ni wọ́n fún àwọn oníbọn kí wọ́n tó lè díje. Nítorí náà písítù afẹ́fẹ́ là ń yìn, mítà mẹ́wàá, kóró 4.5mm. Ẹ má fojú di í o, àwọn tó ń yin .22 ní Olympics gan-an ọ̀pọ̀ wọn ń díje nínú písítù afẹ́fẹ́. Tí ọgbà ẹ̀yìn ilé tàbí gáráàjì Bọ̀dá Laurel bá gbà á, kó wo òfin àdúgbò ẹ̀, bébà ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ á ṣe é lóore ju rénjì ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

OgaBullseye_ATL

Gbogbo yín ń jà nítorí ìbọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọta. Ọta .22 LR ti wà láti 1887, ohun tó ń dáná ran ẹ̀tù inú ẹ̀ wà káàkiri etí ìdí ẹ̀, kì í ṣe àárín bíi ti 9mm, nígbà míì kì í dọ́gba yí etí yẹn ká, torí ẹ̀ lẹ fi máa rí ọta tí ìbọn gbá tí kò dún. Tó bá ṣẹlẹ̀ ẹ jẹ́ kí ojú ìbọn wà níbi bébà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó má lọ dún lẹ́yìn tẹ́ẹ ti yí i síbòmíì. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́. Tẹ́ẹ bá yí i díẹ̀ tẹ́ẹ tún fi í padà, kí irin ìbọn gbá ibòmíì létí ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn máa dún.

Ìbọn méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ ọta kan náà. Ẹ ra páálí kékeré oríṣi mẹ́rin márùn-ún, ẹ gbé ọwọ́ lé nǹkan, ẹ yin oríṣi kọ̀ọ̀kan sí bébà tiẹ̀ ní yáàdì 25, èyí tí ihò ẹ̀ bá kóra jọ jù láìsí híhá, òun lẹ máa wá rà ní káàsì. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ CCI Standard Velocity, 40 grain, 1070 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò yára tó ohùn, àwọn onífojúsùn fẹ́ràn ẹ̀. Tí ìbọn tuntun bá le tí kò fẹ́ gbé e, ọta Mini-Mag ti CCI náà lágbára jù ú lọ, ẹ fi là á lọ́nà fúngbà díẹ̀. Ọta ọ̀pọ̀ tí wọ́n dà sínú ike, fún yíyin agolo ló dáa, ẹ má fi díwọ̀n ara yín.

Ẹ má máa fa tírígà lófìfo nílé títí ẹ ó fi ka ìwé tó bá ìbọn wá, .22 míì irin ẹ̀ máa ń gbá etí bárẹ́ẹ̀lì, ó ń bà á jẹ́. Yáàdì méje ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọta márùn-ún márùn-ún, ẹ má kánjú.

OmoIjesa_Laurel

Ẹ ṣeun gan-an, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó báyìí. Séèfù ni mo máa kọ́kọ́ rà lóòótọ́, mo ti ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí ìyàwó mi létí, ojú ẹ̀ ti ń là díẹ̀. Rénjì kan lẹ́bàá wa ń yá èèyàn Buck Mark àti 22/45, mo máa yin méjèèjì. Ṣé kí n ti ra red dot, sáìtì tó ń tan àmì pupa síwájú ojú, mọ́ ọn ni? Tí mo bá sì fẹ́ gbé e lọ sí Iléṣà ní Dìsẹ́ńbà kí bàbá mi rí i ńkọ́?

BabaAlasoOke_HTX

Red dot ò pọn dandan. Fi sáìtì irin kọ́ ọwọ́ ẹ ná.

IyaIbeji_Bowie

Ẹ̀gbọ́n, ojú tèmi ti ń fò, sáìtì irin ti di kùrukùru, red dot ló jẹ́ kí n ṣì lè máa yìnbọn. Bọ̀dá Laurel, tójú yín bá rí sáìtì iwájú kedere ẹ gbọ́ tẹ̀gbọ́n, tí kò bá rí i ẹ gbọ́ tèmi.

Ti Iléṣà yẹn, rárá o! Písítù wà lára ìbọn tí òfin Firearms Act ti Nàìjíríà kà léèwọ̀, àṣẹ Ààrẹ nìkan ló lè gbà á láyè. Fọ́tò ni kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá.

BabaAlasoOke_HTX

Èmi mọ̀ pé Buck Mark ló máa rà báyìí, Ìyá Ìbejì ti gbà á lọ́wọ́ mi. Kò burú, ó kéré tán kì í ṣe TX22.