Ọkọ̀ onígbòkun mi ń fẹ́ àtúnṣe kí n tó gbéra: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mọ_Essex
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù kan ní Essex níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ bàtà 26 ni, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lórí ilẹ̀. Lóṣù kẹfà, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wà á lọ sí èbúté Ramsgate ní Kent, ká ti ibẹ̀ sọdá sí Calais nílẹ̀ Faransé. 2,000 pọ́n-ùn ni mo yà sọ́tọ̀. Ojú mi ti wà lára ọ̀dà búlúù kan àti tìmùtìmù tuntun. Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Bàbá_Kent
Fi tìmùtìmù sílẹ̀ jàre. Wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kí o ka gbogbo ihò tó wà níbẹ̀: ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ti ibi ìfọwọ́. Fáàfù ló ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ idẹ lásán, omi iyọ̀ á máa jẹ síńkì inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá ku bàbà tí kò lágbára kankan. Fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bó bá dán bí idẹ, ó dáa. Bó bá pọ́n bí kọ́bọ̀ ayé àtijọ́, yọ ọ́ dànù. Kí o so igi rírọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá já, òun ni wàá fi dí ihò náà; o ò ní ráyè wá igi.

Adùkẹ́_Ojú_Òkun
Bàbá ti sọ tìsàlẹ̀, ẹ má gbàgbé òkè. Wáyà tó di òpó ìgbòkun mú ńkọ́? Bó bá ti tó ọdún 10, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò á ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi tíṣù nù ún láti òkè délẹ̀. Fọ́nrán tó bá ti já á ha tíṣù náà. Ẹ má fọwọ́ lásán ṣe é o, àpá tèmi ṣì wà ní àtàǹpàkò.

Ọmọ_Ìlàjẹ
Igbókòdá ni mo wà. Ọkọ̀ onígi ni tiwa: àkísà àti ọ̀dà dúdú la fi ń dí ojú pákó, tó bá wọ omi tán, igi á wú, á dí ìyókù fúnra rẹ̀. Fáíbà kì í wú ní tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ sómi, ẹ gbẹ ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ ráúráú, kẹ́ ẹ sùn nínú rẹ̀ mọ́jú níbi tẹ́ ẹ so ó mọ́. Omi tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ láàárọ̀ á sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí.

Bàbá_Kent
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: dísẹ́ẹ̀lì ọdún mẹ́ta! Ìdọ̀tí ti sùn sísàlẹ̀ táńkì. Ìgbì ni yóò rú u sókè, fílítà á dí, ẹ́ńjìnnì á kú fún ọ láàárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń gba ojú òkun Dover kọjá. Fa gbogbo rẹ̀ dà nù, kí o sì mú fílítà méjì dání.

Àrẹ̀mọ_Essex
Mo débẹ̀ ní Sátidé. Fáàfù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo kàn rọra yí i ni, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Inú rẹ̀ pọ́n bíi kọ́bọ̀ gẹ́lẹ́. Ìyàwó mi tó dúró lẹ́yìn mi ní, "Ṣé èyí lo fẹ́ fi gbé mi lọ Faransé?" Ó ku mẹ́ta tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Tìmùtìmù ti wọgbó. Ramsgate nìkan la máa lọ lóṣù keje, ká lọ ká bọ̀. Calais di oṣù kẹjọ. Bàbá, ṣé mo lè fọwọ́ ara mi pààrọ̀ àwọn fáàfù náà, àbí kí n pe oníṣẹ́?