Mr Humphries inú Are You Being Served?: ṣé gay ni àbí ọmọ màmá lásán?

Àdùnní_Lewisham:

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ẹ̀ dìjà láàárín èmi àti màmá mi. Ní 1974 ni wọ́n dé London, Are You Being Served?, eré apanilẹ́rìn-ín BBC nípa àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbí, tí wọ́n bá ti ń fi hàn báyìí ẹnì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù. Sátidé tó kọjá a jọ jókòó, Mr Humphries tó ń ta aṣọ ọkùnrin níbẹ̀ yọ, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ẹ̀, ẹsẹ̀ kéékèèké ló fi ń rìn bọ̀, Captain Peacock, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn atajà, bi í bóyá ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀ kó wá dá oníbàárà lóhùn, ó wá fi ohùn tín-ín-rín yẹn ké "I'm free!" Ni mo bá ní, "Màmá, gay mà ni bọ̀dá yìí."

Haa, wọ́n wò mí bí ẹni tó bú ẹbí wa. "Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ni? Ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ẹ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀, òun lo wá ń pè bẹ́ẹ̀? A ti ń wò ó kí n tó bí ẹ!" Mo ní nígbà yẹn wọn ò lè la á mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré yìí, kí lẹ rí sí i?

Télọ̀_Mókólá:

Àdùnní, ẹ̀yìn màmá wa ni mo wà o. Orí YouTube ni mo ti wo eré yẹn, torí iṣẹ́ mi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń ránṣọ ọkùnrin. David Croft, tí òun àti Jeremy Lloyd jọ kọ ọ́, ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé Mr Humphries kì í ṣe gay, ọmọ màmá ẹ̀ ni. John Inman tó ṣe é náà ní kò síbi tí wọ́n ti sọ ọ́ nínú eré. Ta ló tún kù tá a fẹ́ bi?

Ẹ sì wò ó, àwọn èèyàn yìí mọ ṣọ́ọ̀bù dénú. Lloyd ti tajà rí ní Simpsons ní Piccadilly, Inman náà ti ṣiṣẹ́ rí ní Austin Reed. Ẹni tó bá ń wọn ṣòkòtò fún olówó láàárọ̀ títí dalẹ́, ara ẹ̀ á rọ̀, ohùn ẹ̀ á rọ̀, ìdí iṣẹ́ ni. Wọ́n ti pe èmi gan-an ní oríṣiríṣi orúkọ ní ṣọ́ọ̀bù mi torí pé mo máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí mo sì fẹ́ràn aṣọ aláràbarà, ó dùn mí gan-an, ìyàwó mi sì ń gbọ́ nínú yàrá. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ ká máa fi ìrìn ẹsẹ̀ dá ọkùnrin lẹ́jọ́.

Tọ́lá_Peckham:

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́, ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn ò dáa rárá. Àmọ́ ìrìn ẹsẹ̀ kọ́ lèmi ń wò. Ẹ jẹ́ kí n bi yín nípa ológbò Mrs Slocombe, ìyá tó ń ta aṣọ obìnrin níbẹ̀. "Pussy" ló ń pè é, ọ̀rọ̀ tí òyìnbó tún fi ń pe ojú ara obìnrin. Gbogbo ìgbà ló ń sọ̀rọ̀ ológbò yẹn, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ rí nínú eré, síbẹ̀ gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín, màmá Àdùnní náà ń rẹ́rìn-ín. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odidi. Ti ológbò di odidi, ti Mr Humphries wá kọ̀, kò di odidi? Báwo?

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é náà. 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, 1967 ni òfin England àti Wales ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí ọkùnrin méjì tó ti pé ọdún 21 wà pọ̀ níkọ̀kọ̀ láìṣẹ̀wọ̀n, ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín. Kó tó dìgbà yẹn àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ní èdè tiwọn tí wọ́n ń pè ní Polari, ẹnà gan-an ni, bí àwọn ọmọdé wa ṣe máa ń fẹnà kí àgbà má baà gbọ́. Láàárín 1965 sí 1968 àwọn òṣèré méjì, Kenneth Williams àti Hugh Paddick, ń sọ ọ́ lórí rédíò BBC nínú eré apanilẹ́rìn-ín Round the Horne, àwọn ìyá àti bàbá ń gbọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán Sunday, ẹni tó yé yé, ẹni tí kò yé náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni Mr Humphries ti jáde.

Ohun tó wá dá mi lójú jù ni fóònù. Tí fóònù ṣọ́ọ̀bù bá dún, Mr Humphries á gbé e, ohùn tín-ín-rín yẹn á kúrò lẹ́nu ẹ̀ pátápátá, á wá fi ohùn bàbá tó nípọn bí ìlù ní "Menswear!" Ẹ wò ó dáadáa. Ó mọ ohùn tí ayé ń retí lẹ́nu ọkùnrin, ó sì lè ṣe é nígbà tó bá fẹ́. Kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹ̀ ṣe rí tí kò lè ṣe nǹkan kan sí i, òun ló ń yàn án.

Kò_sórúkọ:

Mi ò ní sọ orúkọ mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin, Manchester ni mo dàgbà sí, mọ́mì mi kò sì mọ̀ dòní.

Nígbà yẹn àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwa, Campaign for Homosexual Equality, lọ ṣe ìwọ́de níbi tí Inman ti ń ṣeré, wọ́n ní ó ń sọ wá di ẹlẹ́yà. Inman ní àǹfààní lòun ń ṣe fún wa. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yé mi. Ní school wọ́n máa ń ké "I'm free!" lẹ́yìn mi ní kọ́rídọ̀, n kì í fẹ́ rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, mo máa ń wo ibi tí wọ́n ti ń jẹun ní kantíìnì, Mr Humphries jókòó sáàárín gbogbo wọn, wọ́n jọ ń ráhùn sí oúnjẹ, Miss Brahms ń bá a sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sún sẹ́yìn fún un. Mr Lucas á fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á dá a padà. Lọ́jọ́ kejì á tún wá síbi iṣẹ́. Èmi ọmọ ọdún 11, mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn.

Torí náà Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, tí Croft bá ní kì í ṣe gay, mo gbọ́, òun ló kọ ọ́. Àmọ́ èmi mọ ẹni tí mo rí.

Télọ̀_Mókólá:

Àbúrò, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ronú débẹ̀ rí. Ẹ máa tọ́jú ara yín o.

Àdùnní_Lewisham:

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá Kò_sórúkọ. Mo ka ti Tọ́lá sétí màmá, wọ́n dákẹ́ lórí ti ológbò, wọ́n kàn ń fọwọ́ bo ẹnu. Mo wá wá ibi tó ti gbé fóònù, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n tún un fi hàn. Wọ́n wá ní, "Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni o! Tí òyìnbó bá pè wọ́n, ẹ ò ní mọ̀ pé ará Ìjẹ̀bú ni màmá mi. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń wá yàrá háyà ní 1974 ni àwọn ti ní ohùn yẹn, torí tí àwọn onílé bá ti gbọ́ ohùn àwọn gangan lórí fóònù, wọ́n á ní yàrá ti tán.

A ṣì ń wò ó lọ báyìí. Wọn ò tíì sọ pé "Mo gbà" o, ṣùgbọ́n wọn ò jiyàn mọ́.