Scene wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Bí bọ́tìnì ojú tablet ṣe lè sọ òótọ́

Màmá Tòní: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Home Assistant ni mo ń lò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí iná àti ẹ̀rọ inú ilé. Mo kó iná márààrún tó wà ní pálọ̀ sínú group kan (àkójọ tí a ń lò bí iná kan ṣoṣo), mo sì ṣe scene mẹ́rin fún un, ìyẹn ipò ìmọ́lẹ̀ tí mo ti tò sílẹ̀: Àlejò, Fíìmù, Ìwé, Alẹ́. Tí mo bá tẹ ọ̀kan, iná ń gbọ́. Àmọ́ lójú tablet tí mo gbé kọ́ ògiri, bọ́tìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo fẹ́ kó yí àwọ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Délé: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan máa wo group yẹn. Tí group bá ti tàn, bọ́tìnì á yí àwọ̀.

Màmá Tòní: Délé ọmọ mi, mo ti dán an wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí àwọ̀ pọ̀.

Ládi: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó máa rí bẹ́ẹ̀ ṣáá ni, torí ohun kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò. Group ò mọ scene. Bó ṣe wà látilẹ̀, tí gílóòbù kan ṣoṣo bá tàn nínú márùn-ún, group á ní òun tàn. Ibì kan wà nínú settings rẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè ní kó dúró dìgbà tí gbogbo wọn bá tàn, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ò ràn yín lọ́wọ́. Bí Fíìmù bá ní kí iná àjà kú, group á máa sọ pé òun kú nígbà tí Fíìmù ń lọ geere.

Scene gan-an kì í tàn, kì í sì í kú. Ohun tí Home Assistant ń kọ síwájú rẹ̀ ni ọjọ́ àti aago tí wọ́n pè é kẹ́yìn. Ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ mọ ìgbà tó rán an. Bóyá ọmọ ti débẹ̀, ibòmíì lá ti wò ó.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí bọ́tìnì sọ. Ṣé scene tẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́yìn ni, àbí ipò tí iná wà nísinsìnyí? Ti àkọ́kọ́ rọrùn: ẹ ṣe dropdown kan (àtòjọ tí a ń yan ọ̀kan nínú rẹ̀) lábẹ́ Helpers, kí script (àwọn àṣẹ tẹ́ ẹ tò sílẹ̀) tó ń pe scene máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí bọ́tìnì máa wò ó. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan á fọwọ́ kan súwíìṣì ara ògiri, tablet á ṣì máa sọ pé Fíìmù ló wà níbẹ̀. Irọ́ gbuu! Èkejì ni mo ń lò: ẹ ṣe template binary sensor (ohun tó ń fi àgbékalẹ̀ tẹ́ ẹ kọ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́) fún scene kọ̀ọ̀kan, kó máa wo àwọn gílóòbù fúnra wọn. Díẹ̀ lára ti Fíìmù rèé:

{{ is_state('light.aja','off')
and is_state('light.ogiri','on')
and (state_attr('light.ogiri','brightness')|int(0) - 102)|abs <= 5 }}

Ìyẹn ni pé kí iná àjà kú, kí ti ògiri wà ní 40% (102 nínú 255), ó lè fi 5 jù tàbí kó fi 5 dín.

Délé: Bọ̀dá Ládi, 5 yẹn ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní kó jẹ́ 102 géérégé?

Ládi: Torí kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Home Assistant ń ka ìmọ́lẹ̀ dé 255, gílóòbù Zigbee (tó ń gba àṣẹ láìlo wáyà) ń kà á dé 254. 102 tó o fi ránṣẹ́ lè padà dé bíi 101. Ti àwọ̀ tún wá burú jù: 2700 kelvin (òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) á di 370 mired, òṣùwọ̀n míì, lára gílóòbù, tí wọ́n bá sì yí i padà sí kelvin, 2702 lo máa rí. Tó o bá ní àfi kó bára mu géérégé, bọ́tìnì lè má tàn láéláé. Fún kelvin, 50 ni mo máa ń fi sílẹ̀. Tún fi delay_on (ìdúró díẹ̀ kí sensor tó tàn) ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí i, torí gílóòbù tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ lè gba ipò scene míì kọjá, bọ́tìnì tẹ́nikẹ́ni ò tẹ̀ á sì ṣẹ́jú pẹ́ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ nǹkan kan, Stateful Scenes wà nínú HACS, ibi tí a ti ń gba àfikún tí àwọn olùlò ṣe fún Home Assistant. Ó ń sọ scene kọ̀ọ̀kan di súwíìṣì, ó ń fi ohun tó wà nínú scene wé ipò gílóòbù, àyè sì wà fún irú 5 tí Ládi ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Philips Hue, bridge (àpótí tó ń darí àwọn gílóòbù) fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n: nínú API v2 (ọ̀nà tí ètò míì ń gbà bá a sọ̀rọ̀), scene kọ̀ọ̀kan ní status tó ń sọ inactive (kò ṣiṣẹ́), static (ó ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ dúró) tàbí dynamic_palette (ó ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ ń yí).

Bàbá Ṣeun: KNX ni tèmi o, ìlànà tí ẹ̀rọ inú ilé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà lásán ni scene níbẹ̀, 0 dé 63 lórí wáyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1 dé 64 ni wọ́n sábà máa ń kọ sójú. Ẹ má dá nọ́ńbà náà padà sórí group address (àdírẹ́sì tí àṣẹ ń gbà lọ) kan náà láti fi ṣe status o, scene á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni. Tẹ́ ẹ bá sì lọ fi 128 kún un, actuator (ẹ̀rọ tó ń tan iná, tó ń pa á) á gbà pé ẹ ní kóun fi ipò tóun wà báyìí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Status object ti actuator (ibi tó ti ń sọ ipò iná) ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ fi logic so wọ́n pọ̀.

Màmá Tòní: Ẹ ṣeun gan-an ni. Fíìmù ti ń yí àwọ̀! Àmọ́ nígbà tí mo tẹ Àlejò, Ìwé náà tàn pẹ̀lú rẹ̀.

Ládi: Gílóòbù mélòó ni sensor Ìwé ń wò, mà?

Màmá Tòní: Iná ẹ̀gbẹ́ àga nìkan. Òun ṣáà ni mo fi ń kàwé.

Ládi: Ibẹ̀ ló wà. Ẹ jẹ́ kó wo márààrún, títí kan àwọn tó gbọ́dọ̀ kú. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ti àjà sókè yẹn, is_state pẹ̀lú 'off'. Ẹ má fi brightness tó jẹ́ 0 rọ́pò rẹ̀: gílóòbù tí wọ́n gé iná rẹ̀ láti ara ògiri á di unavailable (Home Assistant ò rí i mọ́), int(0) á sì kà á sí èyí tẹ́ ẹ pa.

Délé: Tó bá wá di unavailable, kí ni kí bọ́tìnì ṣe?

Ládi: Tèmi máa ń di aláwọ̀ eérú, orúkọ gílóòbù náà á sì hàn lábẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mo máa lọ tan súwíìṣì. Tí group bá sì tàn láìsí sensor kankan tó bára mu, ohun tí tablet máa ń kọ ni “Ẹnì kan ti yí i”. Àwọn ọmọ ò fẹ́ràn ìyẹn rárá.